Orí Keje: Irin Méjì, Ọwọ́ Wo?

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972, bọ́ sí ọjọ́ Àjíǹde. Ọjọ́ náà ni gbogbo ọkọ̀ orí títì ní Nàìjíríà fi ọwọ́ òsì sílẹ̀, tí wọ́n bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún. Láti ayé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni a ti ń wakọ̀ lọ́wọ́ òsì bíi tiwọn, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún ni gbogbo orílẹ̀-èdè tó bá wa pààlà ń gbà: Dahomey tó di Benin lónìí, Niger, Chad àti Cameroon. Ẹni tó bá wakọ̀ kọjá ẹnubodè ní láti pa ọwọ́ dà lójú ẹsẹ̀. Ìjọba Ọ̀gágun Yakubu Gowon ló wá fi òpin sí i.

Ìkirè àti Àpòmù mọ ìyípadà yẹn lára, nítorí ojú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ilé-Ifẹ̀ ni Ìkirè jókòó sí, Àpòmù sì wà nítòsí rẹ̀. Dírẹ́bà tó ti ń fi ọwọ́ òsì gba Àṣejirè kọjá láti ìgbà tó ti mọ ọkọ̀ í wà ní láti kọ́ ojú àti apá rẹ̀ ní àṣà mìíràn. Ẹni tó fẹ́ sọdá títì lọ sọ́jà ní láti kọ́ ibi tí yóò kọ́kọ́ wò. Bọ́ọ̀sì tí ilẹ̀kùn rẹ̀ wà lápá òsì wá ń já èrò sí àárín títì dípò ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, àfi bí wọ́n bá gé ilẹ̀kùn mìíràn sí i.

Ọkọ̀ ojú irin ńkọ́? Bó ṣe rìn lọ́jọ́ Àbámẹ́ta náà ló rìn lọ́jọ́ Àìkú. Òfin títì ni òfin ọdún 1972. Kò kan ojú irin. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Sweden, tí wọ́n kó ọkọ̀ orí títì kúrò lọ́wọ́ òsì sí ọ̀tún lọ́jọ́ 3 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1967. Títì yí padà, rélùwéè kò yí padà, títí di òní ọwọ́ òsì ni ọkọ̀ ojú irin wọn ń gbà. Èyí ni ọ̀rọ̀ orí yìí: kí ló dé tí orílẹ̀-èdè fi lè pa ọwọ́ títì dà láàárín òru kan, tí kò sì lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún irin? Ìdáhùn rẹ̀ yóò jẹ́ ká mọ bí rélùwéè ṣe ń ṣiṣẹ́ ní tòótọ́, yóò sì tún kọ́ wa bí a ṣe ń sọdá irin láìkú.

Nígbà tí irin jẹ́ ẹyọ kan

Ìkirè kò ní téṣàn rélùwéè. Nígbà tí irin dé Ìbàdàn láti Èkó ní 1901, tí wọ́n sì ń tẹ̀ ẹ́ lọ síwájú, ìhà Ìwó àti Ẹdẹ ló gbà dé Òṣogbo ní 1907. Ó fi Ìkirè, Àpòmù àti Gbọ̀ngán sílẹ̀ níhà gúúsù. Ọmọ Ìkirè tó bá fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú irin ní láti lọ bá a ní ìlú mìíràn.

Irin àtijọ́ yìí, tí àlàfo àárín ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì jẹ́ mílímítà 1,067, jẹ́ ojú irin ẹyọ kan ní ọ̀pọ̀ jùlọ gígùn rẹ̀. Ọkọ̀ tó ń lọ sókè àti èyí tó ń bọ̀ nísàlẹ̀, orí irin kan náà ni wọ́n ń rìn. Ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfara kanra. Ojú irin ẹyọ kan kò tó bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí irin fi ń ya sí méjì ní téṣàn, kí ọkọ̀ kan lè yà sápá kan dúró de èkejì. Níbi tí irin bá ti jẹ́ ẹyọ kan, kò sí ohun tó ń jẹ́ ọwọ́ òsì tàbí ọwọ́ ọ̀tún. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà: ta ló ní ẹ̀tọ́ láti wọ irin yìí báyìí?

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ọ̀pá dáhùn ìbéèrè náà. Láàárín téṣàn méjì, ọ̀pá kan ṣoṣo ló wà, awakọ̀ tí kò bá sì gbà á lọ́wọ́ kò gbọdọ̀ kúrò lójú kan. Ọ̀pá yìí dà bí ọ̀pá àṣẹ tí ìránṣẹ́ ọba ń mú lọ sí ìlú mìíràn: ẹni tó mú un lọ́wọ́ ni àṣẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ 10 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1874, ní Thorpe lẹ́bàá Norwich ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kì í ṣe ọ̀pá ni wọ́n ń lò. Tẹlígíráàfù ni wọ́n fi ń ránṣẹ́ síra wọn. Àṣìgbọ́ bọ́ sáàárín àwọn òṣìṣẹ́, ọkọ̀ méjì kọjú síra wọn lórí irin kan, wọ́n sì forí gbárí lálẹ́. Ó ju ogún ènìyàn lọ tó kú. Lẹ́yìn ìjàǹbá yìí ni Edward Tyer ṣe ẹ̀rọ kan ní 1878, tí téṣàn méjèèjì fi wáyà so pọ̀. Bí wọ́n bá ti yọ àmì àṣẹ kan jáde nínú rẹ̀, kò sí bí a ṣe lè yọ òmíràn ní téṣàn kejì títí dìgbà tí ti àkọ́kọ́ yóò fi padà sínú ẹ̀rọ.

Ohun tí mo fẹ́ kí òǹkàwé dì mú nínú ìtàn yìí ni pé awakọ̀ ọkọ̀ ojú irin kì í fi ojú ara rẹ̀ pinnu. Kò lè yà fún ẹnikẹ́ni. Irin ló ń darí táyà rẹ̀, irin ni táyà náà sì fúnra rẹ̀, nítorí náà kò di ilẹ̀ mú bíi rọ́bà lórí ọ̀dà. Mọ́tò tó ń sá 100 kìlómítà ní wákàtí lè dúró láàárín nǹkan bí ọgọ́rùn-ún mítà bí títì bá gbẹ. Ọkọ̀ ojú irin tó ń sá bẹ́ẹ̀ lè rìn ju ìdajì kìlómítà lọ lẹ́yìn tí awakọ̀ ti tẹ bíréèkì. Ìgbà tó bá fi máa fojú rí ọkọ̀ tó ń bọ̀ níwájú, ọ̀rọ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí irin di méjì

Ọ̀nà tó dára jù láti má ṣe kọlura ni kí ọkọ̀ tó ń lọ ní irin tirẹ̀, kí èyí tó ń bọ̀ ní tirẹ̀. Rélùwéè Liverpool sí Manchester, tí wọ́n ṣí lọ́jọ́ 15 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1830, ti ní irin méjì láti ìbẹ̀rẹ̀, ọwọ́ òsì ni ọkọ̀ rẹ̀ sì ń gbà bíi kẹ̀kẹ́ ẹṣin lórí títì Gẹ̀ẹ́sì. Níbẹ̀ ni àṣà náà ti tàn kálẹ̀. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ Gẹ̀ẹ́sì àtàwọn tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn gbé ọwọ́ òsì lọ sí India, Japan, ilẹ̀ Faransé, Belgium àti Switzerland. Ọ̀pọ̀ irin Italy náà gba ọwọ́ òsì. Jámánì àti Rọ́ṣíà gba ọwọ́ ọ̀tún, púpọ̀ nínú àwọn ilé iṣẹ́ rélùwéè Amẹ́ríkà sì ṣe bákan náà.

Ẹ kíyè sí i pé títì ilẹ̀ Faransé ọwọ́ ọ̀tún ni, irin wọn ọwọ́ òsì. Títì China ọ̀tún ni, irin ọ̀nà jíjìn wọn òsì. Nítorí náà, ẹni tó bá ń wo títì kó tó sọ ọwọ́ tí irin gbà lè ṣìnà pátápátá. Ẹni tó kọ́kọ́ tẹ irin náà ni kí ó béèrè.

Nígbà mìíràn, kì í tilẹ̀ ṣe orílẹ̀-èdè ló yan ọwọ́, bí kò ṣe ibi tí téṣàn wà. Ní Chicago, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ń gbé, ọ̀nà irin mẹ́ta wà tó jẹ́ ti ilé iṣẹ́ Chicago and North Western tẹ́lẹ̀, tó ti di ti Union Pacific báyìí. Ọwọ́ òsì ni ọkọ̀ ń gbà lórí wọn, nígbà tí àwọn yòókù nílùú náà ń gba ọ̀tún. Àlàyé tí wọ́n sábà máa ń ṣe ni pé ìgbà tí irin ṣì jẹ́ ẹyọ kan, ọwọ́ òsì ẹni tó ń lọ sí Chicago ni wọ́n kọ́ àwọn ilé téṣàn sí. Nígbà tí irin kejì dé, òdìkejì ni wọ́n tẹ́ ẹ sí. Ẹni tó ń lọ síṣẹ́ láàárọ̀ ló nílò ibi tó lè jókòó sí de ọkọ̀ lásìkò yìnyín; ẹni tó ń tibi iṣẹ́ bọ̀ á kàn bọ́ sílẹ̀, á sì gba ilé lọ. Wọ́n wá fi irin ẹ̀gbẹ́ téṣàn fún ọkọ̀ tó ń wọ ìlú, irin náà sì jẹ́ ọwọ́ òsì. Ogiri ilé ló pinnu ọwọ́.

Òfin tó wà nínú irin

Ẹ jẹ́ ká wá wo ìdí tí Nàìjíríà fi lè yí títì padà lọ́jọ́ Àjíǹde kan, tí kò sì sí ìjọba tó lè yí irin méjì padà bẹ́ẹ̀. Lórí títì, orí awakọ̀ ni òfin ọwọ́ ń gbé. Bí gbogbo awakọ̀ bá gbọ́, tí wọ́n sì gbà, iṣẹ́ ti fẹ́ẹ̀ parí. Pátákó àti ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì ló kù. Lórí irin, wọ́n ti kọ́ òfin náà mọ́ ilẹ̀ ní ọ̀nà mẹ́rin ó kéré tán.

Èkínní ni iná àmì. Àmì tó ń sọ fún awakọ̀ pé kó máa bọ̀ tàbí kó dúró, ibi tí ọkọ̀ ti ń bọ̀ ló kọjú sí. Wọ́n gé irin sí abala abala, àmì sì wà ní ẹnu ọ̀nà abala kọ̀ọ̀kan, kí ọkọ̀ kan má bàa wọ ibi tí òmíràn ṣì wà. Bí o bá ní kí ọkọ̀ máa gba ẹ̀yìn àmì wá, òkùnkùn ni yóò máa rìn sí.

Èkejì ni oríta irin, ibi tí irin kan ti ń ya sí méjì. Ọkọ̀ tó bá ti ibi ẹyọ kan wá sí ibi tí irin ti yà, ahọ́n irin tó ń sún lọ sún bọ̀ ló máa sọ ibi tí yóò gbà. Bí ahọ́n náà kò bá fara mọ́ra dáadáa, táyà lè bọ́ sílẹ̀. Ọkọ̀ tó bá wá láti ibi méjì sí ibi ẹyọ kan kò fi bẹ́ẹ̀ ní ewu. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ àtijọ́ bẹ̀rù irú àkọ́kọ́ gan-an. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n bá ń so irin méjèèjì pọ̀ kí ọkọ̀ lè bọ́ láti ọ̀kan sí èkejì, ọ̀nà tí ọkọ̀ kò fi ní í pàdé ẹnu oríta náà ní ìrìn rẹ̀ ojoojúmọ́ ni wọ́n máa ń gbé e gbà. Ọkọ̀ tó bá fẹ́ lò ó á kọ́kọ́ kọjá rẹ̀, á dúró, á wá fi ẹ̀yìn rìn wọ̀ ọ́. Yí ọwọ́ padà, gbogbo oríta tí kò léwu yóò di irú èyí tí wọ́n ń sá fún.

Ẹ̀kẹta wà ní ibi òkè. Láyé ọjọ́un, kẹ̀kẹ́ ẹrù lè já kúrò lẹ́yìn ọkọ̀ tó ń gun òkè, kó sì máa yí padà bọ̀ nísàlẹ̀ lu ọkọ̀ tó ń tẹ̀lé e. Wọ́n wá ń ṣe oríta kan sórí irin, tó máa ń gbé ohunkóhun tó bá ń fi ẹ̀yìn sọ̀kalẹ̀ jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà kó tó pa èèyàn. Ohun ààbò gidi nìyí, ṣùgbọ́n bí a bá yí ọwọ́ irin náà padà láìyọ ọ́, ọkọ̀ tó kún fún èrò gan-an ni yóò gbé jù sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ẹ̀kẹrin ni téṣàn fúnra rẹ̀: pèpéle tí èrò ń dúró sí, òrùlé, àtẹ̀gùn, afárá, ibi tí wọ́n ti ń ra tíkẹ́ẹ̀tì. Gbogbo wọn ni wọ́n kọ́ pẹ̀lú èrò pé ọkọ̀ tó ń lọ síbí, irin tibí ni yóò gbà. Ṣe ẹ rí i pé bí ìjọba bá ké sí gbogbo awakọ̀ ọkọ̀ ojú irin lórí rédíò pé láti ọ̀la lọ kí wọ́n gba ọ̀tún, kò sí èyí tó lè gbọ́ràn nínú wọn? Irin kò gbọ́ rédíò.

Ìdí nìyí tí Gambia fi yí títì padà ní 1965, Sierra Leone ní 1971, àwa ní 1972, Ghana ní 1974, láìsí pé ẹnikẹ́ni ń forí fọ́ nítorí irin. Ẹyọ kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ irin Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà jẹ́ nígbà náà, títí kan èyí tí àwọn Faransé tẹ́ gba ìlú àwọn ẹ̀yà Yorùbá dé Pobè ní Dahomey.

Níbi tí òsì ti pàdé ọ̀tún

Ibi tí agbára òfin inú irin ti hàn jù ni ibi tí ọwọ́ méjì ti pàdé. Ní 1871, Jámánì gba Alsace àti apá kan Lorraine lọ́wọ́ ilẹ̀ Faransé, irin ibẹ̀ sì bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún. Ní 1918 ilẹ̀ náà padà sọ́wọ́ Faransé. Òfin yí padà, àsíá yí padà, owó yí padà. Ọwọ́ irin kò yí. Títí di òní, ọkọ̀ tó bá ń ti Paris lọ sí ìhà Strasbourg lórí irin àtijọ́ ní láti gba orí afárá tí irin kan fi ń gun èkejì kọjá, kí òsì lè di ọ̀tún láìkọlura. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí ogun náà ti parí, ààlà rẹ̀ ṣì wà nínú irin.

Denmark gba ọ̀tún, Sweden gba òsì. Nígbà tí wọ́n ṣí afárá Öresund láàárín wọn ní 1 oṣù Keje ọdún 2000, wọ́n ní láti wá ibi tí ọwọ́ yóò ti yí. Ìtòsí Malmö ní Sweden ló bọ́ sí. Ní Seoul, ìlà kẹrin ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ ń gba ọ̀tún, rélùwéè ìjọba tó so mọ́ ọn sì ń gba òsì, nítorí àwọn ará Japan ló tẹ irin ilẹ̀ Korea níbẹ̀rẹ̀. Láàárín téṣàn Namtaeryeong àti Seonbawi, ihò abẹ́ ilẹ̀ méjèèjì lọ́ mọ́ra wọn, ọ̀kan gba orí, ọ̀kan gba abẹ́. Ihò tó so Gẹ̀ẹ́sì mọ́ ilẹ̀ Faransé lábẹ́ òkun, tí wọ́n ṣí ní 1994, kò ní irú wàhálà yìí rárá: òsì ni ti ibí, òsì ni ti ọ̀hún.

Àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò wa tó wà ní London náà lè fojú ara wọn rí ọgbọ́n mìíràn. Òsì ni ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ ń gbà ní ọ̀pọ̀ jùlọ ibi nílùú náà, ṣùgbọ́n lórí ìlà Victoria, láàárín Warren Street àti King's Cross, ọ̀tún ni. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ yí ihò náà ká kí èrò tó fẹ́ pààrọ̀ ọkọ̀ ní Euston lè kàn gba orí pèpéle kan náà kọjá láìgun àtẹ̀gùn. Ọwọ́ tí irin gbà kò ní iyì kan fúnra rẹ̀. Ohun tó níyì ni pé kí àmì, oríta, pèpéle àti awakọ̀ fohùn ṣọ̀kan.

Láti Èbúté Mẹ́ta dé Mọ́níyà

Lọ́jọ́ 10 oṣù Kẹfà ọdún 2021, wọ́n ṣí irin tuntun Èkó sí Ìbàdàn, tí ilé iṣẹ́ CCECC ti China tẹ́. Kìlómítà 157 ni, àlàfo ẹsẹ̀ irin rẹ̀ jẹ́ mílímítà 1,435, irin méjì ni láti òpin dé òpin, wọ́n sì ṣe é fún ìwọ̀n eré tó tó 150 kìlómítà ní wákàtí. Ó gbéra ní téṣàn Mobolaji Johnson ní Èbúté Mẹ́ta, ó gba téṣàn Wole Soyinka ní Abẹ́òkúta, ó sì parí sí téṣàn Obafemi Awolowo ní Mọ́níyà. Irin Àbújá sí Kàdúná tí wọ́n ṣí ní 2016 jẹ́ ẹyọ kan. Mọ́níyà yìí ni téṣàn irin méjì tó sún mọ́ Ìkirè jù, ẹni tó bá fẹ́ fojú rí ohun tí orí yìí ń sọ kò ní í rìn jìnnà.

Bí o bá débẹ̀, má fi ọkọ̀ kan ṣoṣo dájọ́ pé ọwọ́ báyìí ni irin náà gbà. Ìgbà tí ọkọ̀ méjì bá pàdé ara wọn lójú ọ̀nà, tí wọ́n kọjá lára wọn, ni kí o kíyè sí èyí tó wà lápá rẹ. Wo ibi tí iná àmì wà: sápá òsì irin tàbí ọ̀tún? Wo bóyá irin kọ̀ọ̀kan ní àmì tó kọjú síhà méjèèjì. Bí ó bá ní, a jẹ́ pé wọ́n ti ṣe é kí ọkọ̀ lè rìn síbí tàbí sọ́hùn-ún lórí irin kan náà láìséwu. Èyí ni ọgbọ́n òde òní. Kọ̀ǹpútà inú yàrá ìdarí kò ní í jẹ́ kí àmì méjì tó kọjú síra wọn fàyè sílẹ̀ pọ̀. Bí wọ́n bá ń tún irin kan ṣe, èkejì á máa gba àlọ, á máa gba àbọ̀.

Bí a ṣe ń sọdá

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti kan ẹ̀mí wa. Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ ọmọ wa pé kó wo òsì, kó wo ọ̀tún kó tó sọdá títì. Àgbàlagbà tó ti mọ títì tán máa ń wo apá kan ṣoṣo, nítorí ó mọ apá tí ọkọ̀ ń gbà wá. Lórí títì márosẹ̀ Ìbàdàn sí Ifẹ̀ pàápàá, àṣà yẹn ti pa èèyàn, nítorí àwọn awakọ̀ kan ń gba ọwọ́ ọlọ́wọ́. Orí awakọ̀ ni òfin títì ń gbé. Bí awakọ̀ bá lé e jáde lórí, kò sí irin kankan tó máa dá a dúró. Ẹni tó ń gba ọwọ́ ọlọ́wọ́ nítorí kó má bàa rìn dé ibi ìyípo ń já okùn kan ṣoṣo tó so gbogbo wa mọ́ ayé lójú ọ̀nà. Mo bẹ gbogbo ẹni tó ń wakọ̀ tàbí tó ń gun ọ̀kadà níhà ọ̀dọ̀ wa: ẹ má ṣe é mọ́.

Lórí irin, òdìkejì ni ewu náà. Kò sí awakọ̀ tó ń fi ìfẹ́ inú ara rẹ̀ gba ọwọ́ ọlọ́wọ́. Yàrá ìdarí lè rán ọkọ̀ gba irin yòówù láti apá yòówù, láìṣẹ̀ sí òfin kankan. Ìmọ̀ rẹ pé òsì ni tàbí ọ̀tún ni kò lè gbà ọ́ níbẹ̀. Ní Agége àti láwọn ibòmíràn ní Èkó, irin àtijọ́ àti irin tuntun méjèèjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ọkọ̀ Red Line tí ìjọba Èkó ṣí ní 2024 sì ń rìn lórí irin tuntun náà pẹ̀lú. Ẹni tó ń sọdá ń la ojú irin mélòó kan kọjá.

Ọkọ̀ kejì ló máa ń pa èèyàn. Ẹni tó dúró de ọkọ̀ àkọ́kọ́ á rò pé ọ̀nà ti dá, bí ìrù rẹ̀ bá ti kọjá báyìí á sáré sọdá. Ariwo ọkọ̀ tó ń lọ bo ti èyí tó ń bọ̀, ara rẹ̀ gígùn sì bò ó lójú. Bó bá tiẹ̀ rí i, ohun ńlá máa ń dà bíi pé kò yára lójú ènìyàn, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ tó ń sá 100 kìlómítà ní wákàtí ń rìn ju mítà 27 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

Nítorí náà, ibi tí wọ́n ṣe fún sísọdá nìkan ni kí o gbà, afárá ni bí afárá bá wà. Bí ọkọ̀ kan bá kọjá, dúró títí yóò fi jìnnà tó bẹ́ẹ̀ tí o fi rí irin kejì gbalaja láti òpin dé òpin. Yọ ohun tó wà létí rẹ. Wo òsì, wo ọ̀tún, fún irin kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Má ta ọjà lórí irin, má sì jẹ́ kí ọmọ rẹ fi í ṣe ọ̀nà ilé ìwé. Awakọ̀ tó ń bọ̀ yẹn lè ti rí ọ, kó ti fọn fèrè, kó sì ti tẹ bíréèkì. Kò sí ohun mìíràn tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ láti ṣe. Ìwọ nìkan lo lè yà.